Ọdọọdún ni adìẹ mi ń kú lásìkò ọyẹ́: kí ni kí n ṣe kí èyí tó kù má baà lọ?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́yìn ni mo ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń sin adìẹ ìbílẹ̀, mo sì ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Lọ́dún tó kọjá, adìẹ 17 ni mo ní nígbà tí oṣù kejìlá wọlé. Kí oṣù kìíní tó parí, 3 péré ló kù. Wọ́n á kọ́kọ́ máa tòògbé, ìgbẹ́ wọn á ṣàn bí omi ewé tí èèyàn gbo, ọrùn àwọn mìíràn á lọ́ sẹ́yìn, wọn á máa pòòyì títí wọn á fi kú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú náà. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Mo fi àpò ìrẹsì bo gbogbo ojú ilé adìẹ, mo po ata mọ́ omi wọn, mo tú kápúsù pupa òun yẹ́lò sí i, pàbó ló já sí. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ tán, mo pa 2 nínú àwọn tó ń tòògbé, a sè é jẹ. Ṣé kò burú? Mo tún gbá ìgbẹ́ wọn dà sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé wọn fi jó, tí wọ́n sì rọ. Ṣé àrùn tó pa adìẹ náà ló pa ẹ̀fọ́ mi? Àwọn 3 yẹn ti di 11 báyìí, 5 nínú wọn jẹ́ àkùkọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún bá ọyẹ́ lọ.
Ìyá Ìbejì, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á fi ọ̀fọ̀ ra ẹ̀mí. Adìẹ 14 kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ọdún wà nínú rẹ̀, ẹyin tí àwọn ìbejì ìbá máa jẹ náà wà níbẹ̀. Inú mi sì dùn pé ẹ kọ̀wé nísinsìnyí tí òjò ṣì ń rọ̀, nítorí àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣì ní àtúnṣe.

Ọyẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Àrùn tí àwọn àgbà wa ń pè ní lùkúlùkú ni. Òun ni àwa dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, torí pé ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1926. Nàìjíríà ńkọ́? Ìbàdàn tiwa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, láàárín oṣù kejìlá 1952 sí oṣù kejì 1953. Ẹ ò rí i pé àsìkò ọyẹ́ náà ni.

Ìgbẹ́ àwọ̀ ewé, ọrùn lílọ́ àti pípòòyì tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú adìẹ bẹ́ẹ̀ wá, a máa ń là á wò. Àpò kékeré kan wà tí oúnjẹ ń gbà kọjá kó tó dé iwe. Bí a bá la àpò yìí, tí a fi omi ṣàn án, a óò rí àwọn kókó funfun wínníwínní tó jókòó ti ara wọn nínú rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Lára adìẹ tí lùkúlùkú pa, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń wà lórí àwọn kókó náà tótòtó, bí ẹni pé ẹnì kan fi ẹnu bírò pupa tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí inú adìẹ.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà? Fáírọ́ọ̀sì ló fa àrùn náà, ó sì máa ń pẹ́ láyé níbi tó bá tutù ju ibi tó gbóná lọ. Eruku ọyẹ́ máa ń ha ọ̀nà ọ̀fun adìẹ, ara wọn kì í sì í le tó bó ṣe yẹ. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ọjà ọdún. Lóṣù kejìlá, gbogbo èèyàn ló ń ra adìẹ, tó ń tà á, tó ń gbé e láti ìlú kan dé èkejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé á sáré kó o lọ sọ́jà kó tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó rà á á mú un délé, á tú u sílẹ̀ láàárín tirẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Láti ọjọ́ tí àrùn yìí bá wọ adìẹ lára, ó lè tó ọjọ́ 5 tàbí 6, ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó ọjọ́ 15, kí ẹ tó rí àmì kankan. Nítorí náà, adìẹ yòówù tí ẹ bá rà, ẹ fi agò dé e sí apá ibòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ará ilé. Àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó lọ bá àlejò náà.

Kápúsù tí ẹ tú sómi kò lè ran fáírọ́ọ̀sì, bákan náà ni ata. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn rò ó ro rere ni. Àpò ìrẹsì tún dá kún un: bí atẹ́gùn kò bá ráyè jáde, òórùn ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa ta wọ́n nímú, á sì máa ha wọ́n lọ́fun. Ẹ fi bo apá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá nìkan, kí ẹ sì ṣí òkè ibi tó kù sílẹ̀.

Àjẹsára ló kù. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe oríṣi kan tó bá adìẹ ìbílẹ̀ mu. I-2 ni orúkọ rẹ̀. Ó fara da ooru ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú la sì ń kán an sí. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu, irú bíi LaSota, dára fún adìẹ tó wà nínú àhámọ́. Ṣùgbọ́n adìẹ yín tó ń jẹ̀ kiri lè ti mu omi kòtò yó kó tó délé, kò sì ní fẹnu kan tiyín.

Ẹ lọ bá dókítà ẹran ní ọ́fíìsì iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí ẹ ní kó bá yín bèèrè rẹ̀. Ìṣòro kan wà tí màá là fún yín ní tòótọ́: àjẹsára inú ìgò kan máa ń pọ̀ fún adìẹ tó lé ní 50, àwọn mìíràn tó 200, ẹ ò sì lè ṣí i lo díẹ̀ kí ẹ fi ìyókù pamọ́ di ọ̀la. Adìẹ 11 kò lè lò ó tán. Nítorí náà, ẹ kó àwọn aládùúgbò jọ. Ẹ dá owó rẹ̀ láàárín ara yín, kí ẹ sì kán an fún gbogbo adìẹ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ju owó lọ. Àkùkọ ilé kejì kò mọ ààlà. Bí tirẹ̀ kò bá gba àjẹsára, ẹnu ọ̀nà yín ni yóò wá kú sí.

Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí adìẹ bá ti wọ̀. Ẹnì kan á gbé adìẹ mọ́ abíyá, á fi apá tẹ ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra kó má baà gbọ̀n. Ẹnì kejì á di orí rẹ̀ mú, á yí ojú kan sókè. Ẹ mú ẹnu ìgò tí ẹ fi ń kán an dúró díẹ̀ sókè ojú náà, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ẹ má tíì fi í sílẹ̀. Ẹ máa wò ó: ẹ̀kán náà á jókòó lórí ẹyinjú bí ìrì orí ewé kókò, adìẹ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣẹ́ ẹ, omi náà á sì wọlé. Ìgbà yẹn lẹ tó lè jù ú sílẹ̀. Bó bá ṣàn dà nù sí ìyẹ́, ẹ tún un kán. Òròmọdìẹ àti àgbà àkùkọ, ẹ̀kán kan náà ni. Èyí tó bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má kán an fún un, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó fi kan ojú ara yín, torí ó lè mú ojú èèyàn pọ́n.

Ẹ ṣe àkọ́kọ́ ní òpin oṣù kẹsàn-án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà kó máa jẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọyẹ́ bá fi máa dé, ara wọn á ti gbà á.

Nípa yìnyín tí a fi ń mú kí àjẹsára tutù kó má baà bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé àjẹsára lọ sí abúlé kan lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan. Yìnyín inú kúlà mi ti yọ́ tán kí n tó dé, mo mọ̀, mo sì kán an fún wọn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe I-2 ni mo gbé lọ́jọ́ náà, oríṣi tí kò lè fara da ooru ni. Lóṣù kejì, adìẹ wọn kú lọ bẹẹrẹ. Màmá àgbàlagbà kan ní abúlé náà kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan adìẹ òun mọ́, mi ò sì lè bá a jà. Nítorí náà, I-2 tàbí òmíràn, inú kúlà tó ní yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn 2 tí ẹ pa jẹ wá kù. Ọkàn yín kò ní balẹ̀, mo mọ̀. Iná ìsebẹ̀ máa ń pa fáírọ́ọ̀sì lùkúlùkú, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe èèyàn ju kó mú ojú pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ti bọ́ nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹ má tún un ṣe, mo bẹ̀ yín. Àìsàn mìíràn wà tó jọ ọ́ pátápátá, ìyẹn àrùn gágá àwọn ẹyẹ (bird flu), tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2006, èyí tó lè pa èèyàn. Ẹni tó ń tu ìyẹ́, tó ń fa ìfun jáde, ni ewu rẹ̀ pọ̀ lórí jù, kódà ju ẹni tó jẹ ẹran tó jiná lọ. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun tí a bá dà sí ààtàn ni àwọn adìẹ tó kù á lọ tan jẹ. Bí adìẹ bá ṣàdédé ń kú lọ́pọ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ gbé òkú wọn, kí ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn sí kànga, kí ajá má lè hú u.

Ìgbẹ́ adìẹ kò fi àrùn ran ẹ̀fọ́. Gbígbóná ló gbóná. Ìgbẹ́ tútù ní iyọ̀ àti agbára tó pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ lè gbà lọ, ìdí nìyẹn tí etí ewé fi jó. Ibi tí àrùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú ìgbẹ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí adìẹ bá sì wá tan bẹ́ẹ̀dì náà, ó lè kó o. Ẹ máa kó o jọ síbi tí adìẹ kò lè dé. Apá kan ìgbẹ́, apá méjì ewé gbígbẹ, pòpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́ tàbí ìyẹ̀ pákó. Ẹ wọ́n omi sí i kó rin, kó má ṣe tutù rinrin, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ ò ní lè fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí èyí tó wà lẹ́yìn wọ àárín. Ní bí oṣù méjì, á tutù, á dúdú, òórùn ìgbẹ́ á kúrò, á máa rùn bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Ìgbà yẹn ló di ajílẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbin nǹkan.

Àkùkọ 5 nínú adìẹ 11 pọ̀ jù. Ẹyọ kan tó fún àgbébọ̀ 6. Àwọn 4 tó kù, oúnjẹ ni wọ́n kàn ń jẹ, ìjà ni wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Ẹ tà nínú wọn nígbà tí owó wọn bá gun òkè lásìkò ọdún, kí ẹ fi 1 tàbí 2 sílẹ̀ fún ìkòkò tiyín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ òkìtì ajílẹ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, á ti jẹ́ lílò ní oṣù kẹwàá. Ẹ fún irúgbìn ṣọkọ nígbà náà, kí ẹ máa fi omi kànga rin ín bí òjò bá dá. Ṣọkọ náà á ti tó já kí àkùkọ ọdún tó wọ ìkòkò. Àkùkọ ìbílẹ̀ kì í tètè rọ̀, ẹ tètè gbé e kaná láàárọ̀.