Èsì: Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ kíka kálórì?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa ka kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, kí ẹ lè fọn díẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ̀bà tì. Rárá o. Ẹ má tíì yọ oúnjẹ kankan kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ sílẹ̀, títí kan mínírà àti ẹ̀pà inú ọkọ̀.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré. Gààrí gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ tó da omi gbígbóná sí i, torí omi á mú kí ẹ̀bà wúwo, bẹ́ẹ̀ kò ní kálórì kankan. Gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ tó nǹkan bíi kálórì 350.

Epo gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ṣíbí ìjẹun kan, ìbáà ṣe epo pupa tàbí òróró, tó nǹkan bíi kálórì 120. Ẹ wo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo léfòó lórí rẹ̀: ṣíbí epo mẹ́ta péré ti tó gààrí yẹn! Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti kọ́kọ́ dín nǹkan kù.

Tí ẹ bá ti mọ iye tí ẹ ń jẹ lójúmọ́, ẹ yọ 300 sí 500 kúrò, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ kì í lè bá a dọ́jọ́ alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú tàbí tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.