Ṣé ó tọ́ kí wọ́n fipá bọ́ ẹlẹ́wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Bí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú bá ní òun ò jẹun, ṣé ìjọba lè fipá bọ́ ọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo ti ki túùbù oúnjẹ bọ imú aláìsàn tó gbà á tọkàntọkàn, omi ṣì ń dà lójú wọn. Ti ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga wá ńkọ́? Bí túùbù bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà dé. Lọ́dún 1917, Thomas Ashe, ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ará Ireland, kú ní Dublin lẹ́yìn tí wọ́n fipá bọ́ ọ lẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé fòfin de fífipá bọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Tokyo lọ́dún 1975, bí orí ẹlẹ́wọ̀n náà bá pé. Dókítà mìíràn sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé orí rẹ̀ pé. Ìjọba á ní ẹ̀mí làwọn ń dóòlà. Ẹnu lásán! Bí wọ́n bá ní kí o bá wọn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kọ̀.