Ẹ Bi Bàbá Awakọ̀: Lẹ́tà Yín Nípa Grand Canyon

Ẹ kú oṣù tuntun o. Nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Phoenix níbí, ọ̀pọ̀ ló ń béèrè nípa Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà lápá àríwá ìpínlẹ̀ Arizona. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn òbí ń ti ilé dé, kálukú sì ń wá ibi tí yóò gbé wọn lọ yàtọ̀ sí ilé ìtajà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọkọ̀ akérò gbé àlejò lọ síbẹ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

*Bàbá Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù keje. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n rí Grand Canyon lórí kàlẹ́ńdà, wọ́n ní àwọn ò ní padà sílé láì fojú ara àwọn rí i. Ọkọ mi ní ká wa ọkọ̀ láti Houston, ká wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ká sì kọrí sí Las Vegas lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston*

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ àlejò. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé rárá.

Láti Houston dé ibẹ̀ lé ní 1,100 máìlì. Orúnkún tó ń dùn kò gbọdọ̀ ká jọ sínú ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bàálù wá sí Phoenix, kí ẹ yá ọkọ̀ ní pápákọ̀. Ẹ gba ọ̀nà I-17 dé Flagstaff, I-40 dé Williams, kí ẹ wá yà sí ọ̀nà 64, ó máa gbé yín dé ẹnu géètì ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ọ̀gbun náà wà. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wà á lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀. Phoenix kò ga ju nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ojú òkun. South Rim, ìyẹn etí ọ̀gbun lápá gúúsù tí ẹ ń lọ, ga tó 7,000. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ. Mo ti rí géńdé tó sáré jáde nínú ọkọ̀ mi láti lọ ya fọ́tò, tó sì jókòó sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ sun Flagstaff mọ́jú, ibẹ̀ náà ga, ara Màmá á ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí wọ́n rí dókítà wọn ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbéra, kí oògùn sì wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń jù sábẹ́ bàálù.

Ní ti oṣù keje, bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní lọ. Èrò pọ̀ bíi ti ọjọ́ Ìléyá, òjò àti àrá sì máa ń dé lọ́sàn-án lásìkò yẹn, mànàmáná kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró wò létí ọ̀gbun. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò tó bá wọ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá fún Màmá bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n gbé ọmọ ọmọ jó, kí ẹ wá gbé wọn lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí nínú oṣù kẹwàá. Ẹ mú swẹ́tà dání. Òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ kò mọ àgbà.

Ọ̀sán tí ọkọ yín fẹ́ gbé wọn débẹ̀ gan-an ni àsìkò tí ọ̀gbun náà kì í dára wò. Oòrùn á dúró lórí, òjìji á tán, gbogbo àpáta á rí bákan náà. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ ń jáde: pupa, osùn, elésè àlùkò, ìpele lórí ìpele. Nítorí náà, ẹ dé géètì kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí ẹ má bàa tò sórí ìlà ọkọ̀. Lẹ́nu géètì yẹn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Scenic Drive Accessibility Permit. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé dáadáa ni wọ́n ń fún. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ fi ọkọ̀ ara yín wọ Hermit Road, máìlì méje tó lọ létí ọ̀gbun, tí wọ́n ń dí mọ́ ọkọ̀ aládàáni láti oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kọkànlá. Ẹlòmíràn á wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, á máa bọ́ọ́lẹ̀, á máa tún un wọ̀. Màmá ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ gbé wọn dé Yavapai. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tí fèrèsé gíláàsì ńlá rẹ̀ kọjú sí ọ̀gbun. Màmá á jókòó nínú ilé, atẹ́gùn ò ní fẹ́ wọn, wọ́n á sì máa wo odò Colorado nísàlẹ̀, ó ń yọ fírí láàárín àpáta. Bí wọ́n bá lè rìn díẹ̀, ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú sórí Trail of Time tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà náà tẹ́jú. Ìgbésẹ̀ mítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan, wọ́n sì to àwọn òkúta tí wọ́n gbé wá láti inú ọ̀gbun sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti mú kí ara òkúta náà dán kí èèyàn lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ orí èyí tó dàgbà jù nínú wọn lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Olúmọ gbé ọwọ́ lé òkúta yẹn. Ẹ óò gbọ́ oríkì. Níbi tí ó bá rẹ̀ wọ́n, ẹ dúró. Ọ̀gbun náà gùn tó 277 máìlì, ẹ kò lè rí i tán, ẹ má sì dán an wò.

Las Vegas lálẹ́? Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni, nínú òkùnkùn, níbi tí ẹranko ńlá tí wọ́n ń pè ní elk ti ń ṣàdédé sọdá títì. Ẹ wo wíwọ̀ oòrùn ní Hopi Point, kí ẹ rọra sùn sí Tusayan, ìlú kékeré tó wà lẹ́nu géètì, tàbí Williams. Yàrá inú ọgbà gan-an dára jù, àmọ́ àwọn èèyàn ti ń gbà á sílẹ̀ láti bí ọdún kan ṣáájú.

Owó ńkọ́? Dọ́là 35 ni ọkọ̀ kan ń san, ẹ lè fi wọlé, fi jáde fún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, wọ́n ti fi 100 dọ́là kún un fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16 tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà, ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ mọ́kànlá, Grand Canyon sì wà nínú wọn. Màmá bọ́ sínú ìyẹn. Káàdì ọlọ́dọọdún ti àlejò jẹ́ 250 dọ́là, ti olùgbé jẹ́ 80. Bí àlejò bá pọ̀ nínú ọkọ̀ tàbí tí ẹ bá fẹ́ dé ọgbà Zion àti Bryce náà, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo ojú ewé ọgbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tí ẹ óò lọ, kí ẹ sì mú láísẹ́ńsì yín dání.

*Sà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé odò Colorado, ká sì gun un padà lọ́jọ́ kan náà, nínú oṣù kẹfà. Ara wa le. Nígbà tí a wà nílé, a gun òkè Ìdànrè láì sinmi. — Akẹ́kọ̀ọ́, Tempe*

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú agbára. Ní Ìdànrè, gígùn lẹ kọ́kọ́ gùn nígbà tí ara ṣì tutù. Nígbà tó rẹ̀ yín, sísọ̀ ló kù. Grand Canyon dorí èyí kodò. Ẹ óò máa fi ẹ̀rín àti orin sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá wá ń gbọ̀n ni òkè tó ga ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà máa kù níwájú yín. Nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ ni Bright Angel Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ óò gbà sọ̀ kalẹ̀, dé odò ní àlọ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ooru nísàlẹ̀ kì í ṣe ti òkè: nínú oṣù kẹfà ó máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn aláàbò ọgbà ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ibi gbogbo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ dé odò kó sì padà lọ́jọ́ kan. Àwọn géńdé bíi tiyín ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, ẹ dé ilé ìsinmi tó wà ní máìlì kan àbọ̀, ẹ yí padà. Bí wákàtí kan bá gbé yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi méjì sílẹ̀ fún gígùn padà. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wà níbi òjìji. Ẹ mu omi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ohun oníyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, chin-chin nìkan kò tó. Omi púpọ̀ láìsí iyọ̀ máa ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá pàdé àwọn ìbaaka tó ń gbé àlejò, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òkè, kí ẹ jẹ́ kí etí ọ̀gbun wà fún wọn. Bó bá jẹ́ odò náà ló wù yín gidi, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ láti sùn sísàlẹ̀, kí ẹ lọ nígbà òtútù.

Ohun kan ṣì kù, gbogbo yín sì ni mo ń bá wí. Ọ̀pọ̀ ibi létí ọ̀gbun kò ní irin ìdènà. Ẹni tó ń ya fọ́tò kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tí wọ́n ń yà pé "sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i." Ẹni tó mú kámẹ́rà dání ni kó sún.

*Bàbá, afárá onígíláàsì yẹn, ibo gan-an ló wà? — Ìyá Ìbejì, Atlanta*

Kò sí nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ rárá. Orí ilẹ̀ àwọn ará Hualapai, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon West. Wọ́n ṣí i ní 2007. Ó jìnnà sí South Rim ní ìrìn ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, káàdì ọgbà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni ẹ óò san. Las Vegas ni ìlú ńlá tó súnmọ́ ọn jù. Tèmi ni pé kí ẹ yan ọ̀kan.

*Ṣé North Rim, etí ọ̀gbun lápá àríwá, ti ṣí, kí n fi òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe ìsinmi ìgbéyàwó? — Ọkọ Ìyàwó, Chicago*

Grand Canyon Lodge tí ẹ ń rí nínú fọ́tò ti jóná. Iná igbó tí wọ́n pè ní Dragon Bravo ló jó o lóṣù keje 2025. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yìnyín máa ń ti apá yẹn pa lọ́dọọdún. South Rim ni kí ẹ gbé ìyàwó lọ, jálẹ̀ ọdún ló ń ṣí. Òtẹ́ẹ̀lì El Tovar wà níbẹ̀ láti 1905, etí ọ̀gbun gan-an ló wà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ ti gbọ́.

*Ṣé wọ́n gbà ká gbé oúnjẹ tiwa wọlé? Àwọn ọmọ mi ò lè jẹ bọ́gà lọ́jọ́ mẹ́ta. — Ìyá Olóúnjẹ, Dallas*

Wọ́n gbà. Ẹ gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ín-mọ́ín yín, tábìlì ìjẹun wà káàkiri, ẹ ó sì dín owó kù, torí oúnjẹ Tusayan wọ́n. Omi mímu wà ní ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ mú ike dání. Àmọ́ kí àwọn ọmọ má fi dòdò ṣàánú ọ̀kẹ́rẹ́. Ó jọ pé ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì lè gé ìka jinlẹ̀. Òun ni ẹranko tó ń bu àlejò jẹ jù nínú ọgbà náà, ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá bọ́ ọ. Bí ẹ bá kúrò nídìí tábìlì, ẹ dá kúlà padà sínú bùùtù, kí ẹ tì í. Àwọn kannakánná ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí síìpù báàgì.