Ẹ Bi Wá Ní Gẹ̀ẹ́sì: “Borrow Me Money” àtàwọn Ọ̀rọ̀ Míì Tó Ń Dàpọ̀ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa pé kí wọ́n yá mi lówó, mo kọ ọ́ pé “Please borrow me the sum of ₦50,000”. Akọ̀wé kà á sókè lójú gbogbo èèyàn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo ṣì kọ níbẹ̀?* Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, akọ̀wé yẹn ò ṣe dáadáa rárá, torí nǹkan tẹ́ ẹ kọ ní ìdí tó dáa. Yorùbá lẹ fi rò ó kẹ́ ẹ tó fi Òyìnbó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, “yá” kan ṣoṣo la ní, òun la fi ń gbà, òun náà la fi ń fúnni. “Mo yá owó lọ́wọ́ Bọ̀sẹ̀.” “Bọ̀sẹ̀ yá mi lówó.” Ṣẹ́ ẹ rí i, “lọ́wọ́” tó wà nínú ti àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ ká mọ ẹni tówó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní tiẹ̀, ẹni tó gba owó ló ń “borrow”, ẹni tó yọ owó lápò ló ń “lend”.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí “lọ́wọ́” bá jáde níbẹ̀, “borrow from” ni, tó bá jẹ́ “yá mi” tàbí “yá a” lásán, “lend” ni. Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà yín ni “Please lend me the sum of ₦50,000”, tí wọ́n bá sì ti wá fún yín, ẹ sọ pé “they lent me”, t ló gbẹ̀yìn.

“Kọ́” náà ò yàtọ̀. “Mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi”, “learn from” nìyẹn. “Ọ̀gá mi kọ́ mi níṣẹ́”, “teach” ni, kì í ṣe “my madam learned me tailoring”. “Gbọ́” ńkọ́? Àwa ń gbọ́ ariwo, a sì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, àmọ́ etí nìkan ni Òyìnbó fi “hear” sí, imú ni “smell” tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí “I am hearing the smell” fi máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

*Ẹni tó kọ sáìnbọ́ọ̀dù mi kọ “We sow all kinds of native wears”. Mo ti sanwó tán kí àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá tó máa sọ pé ó ṣì. Ibo ló ti ṣì?* Télọ̀, Abẹ́òkúta

Òótọ́ làwọn ọmọ yẹn sọ. “Sow” ni kéèyàn gbin nǹkan, bí àgbàdo, “sew” ni kéèyàn ránṣọ. Ìró kan náà ni wọ́n ní tá a bá pè wọ́n, kò sí bétí ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́ padà, kó fi ọ̀dà pa o yẹn rẹ́, kó kọ e sí i, kò sì yẹ kó gba owó míì lọ́wọ́ yín torí iṣẹ́ ẹ̀ náà ni. Tó bá ti wà lórí àkàbà, ẹ ní kó yọ s tó wà lẹ́yìn “wears” pẹ̀lú, “native wear” ti tó.

Àwọn tó ń gẹrun náà, ẹ gbọ́ o, “salon” ni ṣọ́ọ̀bù yín, o kan. “Saloon” tó ní o méjì, irú mọ́tò kan ni.

*Ọ̀gá mi fi bírò pupa fàlà sábẹ́ “loose” nínú “We don’t want to loose this customer”. Bákan náà ni mo máa ń pè é àti “lose”, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?* Akọ̀wé ọ́fíìsì, Ìkẹjà

Bẹ́ ẹ ṣe ń pè é yẹn gan-an ni gbòǹgbò ẹ̀. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, z ò sí níbẹ̀, v náà ò sí. Tí z bá dé ẹnu wa, s la ń sọ ọ́ dà, v a di f. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀, tó pé lódindi ní 1884, ẹ ó rí i pé David ti di Dáfídì, Zacchaeus ti di Sákéù. Bẹ́ẹ̀ náà lẹnu wa ṣe sọ “lose” àti “loose” di nǹkan kan náà.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fi ìka méjì lé ọ̀nà ọ̀fun yín, ẹ wá fa “sssss”, kò sóhun tó ń gbọ̀n. Ẹ fa “zzzzz” bíi kòkòrò oyin, ọ̀fun ń gbọ̀n lábẹ́ ìka yín. “Lose”, ìyẹn kéèyàn pàdánù, gbígbọ̀n ló fi ń parí. “Loose”, bíi ṣòkòtò tí ò fún mọ́ni níbàdí, kì í gbọ̀n ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kọ ọ́, ẹ rántí pé “lose” ti pàdánù o kan.

Ọ̀fun yẹn náà lẹ máa fi mọ “advice”, ìmọ̀ràn, tí kì í gbọ̀n, yàtọ̀ sí “advise”, kéèyàn gbani nímọ̀ràn, tó ń gbọ̀n. “Price” ni iye tí wọ́n ń tajà, “prize” ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹni tó borí. Èyí tó sì ń ká mi lára jù ni “save journey” tá à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, “safe” ni, f ni, àdúrà tó dáa ni, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ dáadáa.

*Ọmọ mi ní Pírámárì 4 kọ “debt” ní “det”, ó kọ “knife” ní “nife”, ó wá ń bi mí pé kí ni lẹ́tà tẹ́nìkan ò pè ń ṣe níbẹ̀. Mi ò rí èsì fún un.* Ìyá Tóyìn, Òṣogbo

Ẹ má nà án o, ọmọ yẹn ní làákàyè. Bá a ṣe ń kọ Yorùbá ló fi kọ ọ́, torí àwa, ohun tétí bá gbọ́ la ń kọ, kódà nígbà tí wọ́n tún àkọtọ́ wa tò ní 1974, i tí ò wúlò nínú “aiye” ni wọ́n yọ dànù, ó di “ayé”. Ti Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster nílẹ̀ England ní 1476, bí ìwé ṣe ń pọ̀ sí i ni sípẹ́lì ń dúró sójú kan, ẹnu àwọn èèyàn ò sì dúró. Nígbà yẹn, wọ́n ń pe k inú “knife” ketekete, ẹnu ti jù ú sílẹ̀, ìwé ṣì gbé e dání. B inú “debt” tún yàtọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, “dette”, kò sí b níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ló lọ kó b wá látinú “debitum” ti Látìn kó lè hàn pé àwọn mọ orísun ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni p ṣe wọnú “receipt”.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Lẹ́yìn náà, tó bá ń kàwé nílé, ẹ jẹ́ kó máa pe ọ̀rọ̀ bíi pé Yorùbá ni, “dẹ́bìtì”, “kínáìfù”, “Wẹ́dìnẹ́sìdeè”, kó pè é sókè bẹ́ẹ̀, kó bò ó mọ́lẹ̀, kó kọ ọ́. Ní kíláàsì, kó máa pè é bí tíṣà ṣe ń pè é, ti ilé yẹn á máa dún nínú ọkàn ẹ̀ tó bá mú pẹ́ńsù.