Èsì: Ṣé dandan ni kọnkéré lábẹ́ heat pump?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbé heat pump yín, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wá mú ilé móoru, ka orí òkúta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yín ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò ní gbà. Òkúta yẹn máa ń rì lápá kan, tí ẹ̀rọ bá sì ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, páìpù ló máa kọ́kọ́ jìyà.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ kó àfọ́kù òkúta sí i, kí ẹ lù ú títí yóò fi le gbagidi. Kọnkéré orí rẹ̀, 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà ti tó: sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu o.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an ló wà níbẹ̀. Nígbà òtútù, yìnyín á bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì yọ́ yìnyín ọ̀hún dànù. Omi yẹn pọ̀! Tó bá ṣàn dé ọ̀nà tí ẹ ń gbà, á dì lóru, màmá tó wá kí ọmọ-ọmọ láti Ìbàdàn ló máa yọ̀ ṣubú. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń jò, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un.

Ẹ má lẹ kọnkéré mọ́ ògiri ilé, kí ariwo má bàa bá a wọlé. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ R290 (ìyẹn propane) ni gáàsì inú rẹ̀, ó ń gbiná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kó jìnnà sí ẹnu gọ́tà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá á sọ bó ṣe yẹ kó jìnnà tó. Ẹ kà á kí ẹ tó kan pákó tí ẹ máa da kọnkéré sí.