Ikùn wọlé, òyì dé

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń mu tíì tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wọlé. Kílò mẹ́ta ti lọ lára mi, gbogbo èèyàn ló ń yìn mí, ṣùgbọ́n òyì ń kọ́ mi, àtẹ̀gùn sì ń dá mi lágara. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Omi lẹ pàdánù jù, kì í ṣe ọ̀rá. Ewé senna, èyí tó máa ń mú kéèyàn yàgbẹ́ ṣíṣàn, ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ara ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára oúnjẹ tán nínú ìfun kékeré. Ìgbẹ́ ṣíṣàn náà ń kó potassium, èròjà tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, lọ; bó bá dín jù, iṣan á rọ, ọkàn sì lè máa lù ségesège. Ẹ dá a dúró lónìí. Bí àyà bá ń já yín, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ fi òṣùwọ̀n kílò sílẹ̀ ná, ẹ mú tépù aránṣọ. Ẹ mí síta, kí ẹ wọn ikùn láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín: ẹni tó ga ní 160 sẹ̀ǹtímítà, kó má pé 80. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọn ò yege níbí!

Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Àmọ́ kí òyì yẹn kọ́kọ́ lọ.