Ta ló kọ ewì "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iléèwé?

Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ (1904–1980), ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe kó tó di mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Inú ìwé kíkà rẹ̀, Aláwìíyé, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti bá ewì náà pàdé. Ó kìlọ̀ fún ọmọdé pé bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ lówó lọ́wọ́, tí bàbá rẹ̀ sì lẹ́ṣin léèkàn, kó má gbójú lé wọn. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó dùn lẹ́nu; àgbàlagbà ṣì ń kà á láìwòwé. Àwọn kan rò pé ewì àtẹnudẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kọ ọ́. Òun náà ló kọ Akójọpọ̀ Ewì Aládùn àti ìtàn àròsọ Kúyẹ̀.